Fíìmù Mẹ́tàlélógún àti Ọ̀bẹ Bàbá Lásísì

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ orúkọ mi, kí ẹni tó bá ń wá ìtàn ìyá àgbà tó jókòó sórí àga tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tètè gba ibòmíràn lọ. Wúràọlá ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa ní Ọ̀yọ́, Ìyá Onífọ́tò ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ṣẹ́. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ya fọ́tò kí ẹ̀yìn ríro tó ní kí n gbé kámẹ́rà sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa tó fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí wá kí mi. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ kú ìsinmi, Mọ̀mí." Àwọn ọ̀dọ́ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í lo fíìmù báyìí, wọ́n ní ó rẹwà ju ti fóònù lọ. Ó wá bi mí pé, "Mọ̀mí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ẹrù ní pápá ọkọ̀ òfurufú yẹn, ṣé lóòótọ́ ló ń ba fíìmù jẹ́, àbí wọ́n kàn ń sọ ọ́ ni?"

Wọ́n kàn ń sọ ọ́! Mo ní kó fa àga sún mọ́ mi. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí, nítorí òun nìkan kọ́ ló ń béèrè, ó sì ti sú mi láti máa sọ ọ́ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Bàbá mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí mo jáde ìwé, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Táíwò tó ní ilé fọ́tò ní àdúgbò Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n gbàdúrà, bàbá mi wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ku èmi àti ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọ̀gá mìíràn máa ń na ọmọ iṣẹ́. Ọ̀gá Táíwò kò nà mí rí, àmọ́ àwọn ìgbà kan wà tí mo rò pé ẹgba ì bá sàn. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kámẹ́rà. Fíìmù tó ti bàjẹ́ ló fún mi, pẹ̀lú irin roboto tí wọ́n máa ń yí fíìmù mọ́ kí wọ́n tó rì í sínú kẹ́míkà. Inú òkùnkùn biribiri lèèyàn ti gbọ́dọ̀ máa ṣe é. Nítorí náà, ó fi aṣọ dúdú dì mí lójú, ó mú mi jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù níbi tí gbogbo èrò Takie ti ń kọjá, ó ní kí n máa yí i. Bí fíìmù náà bá fara kanra níbì kan péré, á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

"Tún un ṣe."

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn awakọ̀ á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá ń kọjá: "Afọ́jú, pẹ̀lẹ́ o!" Omijé á máa rin aṣọ tí wọ́n fi dì mí lójú.

"Tún un ṣe."

Lọ́dún kejì ni mo ba fọ́tò ìgbéyàwó kan jẹ́. Mo wà nínú yàrá òkùnkùn pẹ̀lú fíìmù ọmọ aláṣọ kan ní Ọjà Igbó, mo ti yọ fíìmù náà kúrò nínú agolo rẹ̀. Ẹnìkan pe orúkọ mi níta, mo gbàgbé ara mi, mo ṣílẹ̀kùn. Kíá ni mo tún un tì, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ti wọlé. Fíìmù náà ti kú. Mo sáré lọ wólẹ̀ níwájú Ọ̀gá.

"Ṣé o mọ ilé ìyàwó?" ni ohun tó bi mí.

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Máa lọ."

"Kí n lọ sọ kí ni fún wọn, sà?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ lé mi. Kò dìde. Mo rìn láti Takie dé Ọjà Igbó, mo fi ẹnu ara mi sọ fún ìyàwó àti ìyá rẹ̀ pé èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ pariwo, ó bú mi, ó bú ilé wa. Ìyẹn kò dùn mí tó ohun tí ìyàwó bi mí jẹ́jẹ́: "Ti bàbá mi ńkọ́? Wọ́n gbé wọn dìde lórí ibùsùn torí fọ́tò yẹn ni. Ṣé tiwọn náà bàjẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tiwọn náà bàjẹ́.

Nígbà tí mo padà dé, Ọ̀gá Táíwò ní, "Fíìmù kì í pariwo. Bó bá ń kú lọ́wọ́ rẹ, o ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìwọ lo gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ fíìmù bí ẹní ń ṣọ́ ìkókó. Mi ò jẹ́ kó wà nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa. Mi ò gbé e sítòsí sítóòfù. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́yìn náà láìba fíìmù ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹ wá wò ó bóyá mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbínú.

Ọkọ ló gbé mi dé Ọ̀yọ́. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo ń ya ìkómọ, mo ń ya ìsìnkú, mo ń ya àwọn tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Fíìmù aláwọ̀ gbòde, àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń fọ fọ́tò láàárín wákàtí kan dé, ọ̀pọ̀ nínú àwa onífọ́tò sì ti yàrá òkùnkùn pa. Èmi ò ti tèmi. Mo fẹ́ràn fíìmù dúdú àti funfun, mo sì fẹ́ràn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀yọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ awọ àti àwọn tó ń fín igbá. Èèyàn á fi oṣù kan ṣe iṣẹ́, ẹni tó rà á á gbé e lọ, ẹni tó ṣe é kò sì ní fojú kàn án mọ́ láéláé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti agbo ilé kan sí èkejì, mò ń ya ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́.

Báyìí ni mo ṣe mọ Bàbá Lásísì. Igbá ni Bàbá ń fín. Ọ̀bẹ kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn tí kò gùn ju ìka lọ, ọwọ́ bàbá wọn àgbà ni wọ́n ti gbà á. Wọn kì í fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí igbá ṣáájú. Wọ́n á gbé e lé orúnkún, wọ́n á wò ó títí, ọ̀bẹ á sì wọlé. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan, Moríámọ̀, tó máa ń bá wọn ha igbá, tó ń bá wọn fọ̀ ọ́, tó ń sá a, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan ọ̀bẹ. "Iṣẹ́ ọkùnrin ni," wọ́n á wí. Àwọn ọmọ wọn ọkùnrin kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ igbá rárá. Èmi àti Bàbá ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí tó ìgbà mẹ́wàá.

Ilé kan wà ní ìlú òyìnbó tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà jọ sí. Wọ́n rí lára àwọn fọ́tò tí mo yà, wọ́n ní kí Bàbá wá fín igbá lójú àwọn èèyàn, kí èmi tẹ̀ lé wọn, kí n máa ya fọ́tò, kí n sì máa túmọ̀ ọ̀rọ̀. Mo kó fíìmù mẹ́tàlélógún sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara kí òṣìṣẹ́ lè rí i látòkèèrè, mo sì gbé e sínú àpò tí mo fi kọ́ èjìká. Ní ibi gbogbo tí a ti kọjá bí a ṣe ń lọ, kí àpò tó dé orí ẹ̀rọ ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, fíìmù ni, ẹ bá mi fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò." Wọ́n sì ń ṣe é. Obìnrin kan tó wọ awò ojú kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn padà fún mi tọwọ́tọwọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ: ó ṣeé ṣe. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe, iṣẹ́ ni kò fẹ́ ṣe.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Bàbá fi fín igbá kan ṣoṣo níbẹ̀. Ọnà tí wọ́n fín sí i, Ẹsẹ̀ Ẹyẹlé ni wọ́n ń pè é. Ó ń yí igbá ká, ìlà ń gba abẹ́ ìlà kọjá, ojú kò sì lè rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá wọn àgbà fín in lójú àwọn, àwọn kò sì tíì fín in fún oníbàárà kankan. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin òyìnbó kan bi wọ́n pé ta ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn wọn. Mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń bá igbá fífín lọ. Ìgbà tí a jókòó láti jẹun ni wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Wúrà."

"Bàbá."

"Yà á dáadáa. Má jẹ́ kí ibì kankan fò. Tí a bá délé, màá gbé fọ́tò yẹn síwájú Moríámọ̀, màá fi ìka tọ́ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Mi ò lè fín in lẹ́ẹ̀kejì."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún lórí oúnjẹ. Ọjọ́ méje tó kù, mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Bí ọ̀bẹ bá ṣe ń wọlé ni mò ń yà á, ibi tó ti yí, ibi tó ti dúró, bí àtàǹpàkò ṣe ń tì í. Gbogbo fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún ni mo lò tán. Igbá náà dúró sọ́dọ̀ àwọn tó pè wá. Èmi gbé fíìmù.

Ìgbà tí à ń padà bọ̀ ló ṣẹlẹ̀, ní pápá ọkọ̀ òfurufú kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ní kí Bàbá bọ́ bàtà, kí wọ́n tú ìgbànú. Àgbàlagbà tí gbogbo àdúgbò ń dọ̀bálẹ̀ kí, Bàbá wá dúró sórí ilẹ̀ tútù, wọ́n ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú. Inú ti ń bí mi látibẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ pé fíìmù ni mo gbé. Ó gbà. Ó gbé àpò mi sórí tábìlì, ó yọ ọ̀rá fíìmù, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ kan àkísà kan nísàlẹ̀ àpò. Ó tú u. Ọ̀bẹ ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí à ń lọ, inú ẹrù tó wọ ikùn bàálù ló wà; mi ò mọ bó ṣe dé inú àpò mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀bẹ náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń wò ó.

"Ta ló ni èyí?" ni òṣìṣẹ́ náà béèrè. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

Kí n tó lanu, Bàbá ti na ọwọ́. "Tèmi ni. Wúrà, bá mi gbà á lọ́wọ́ wọn, ọ̀bẹ mi ni."

Wọ́n ju ọ̀bẹ náà sínú agbọ̀n tí wọ́n ń da sísọ́ọ̀sì àti ìgò sí. Àwọn méjì mìíràn ti dé. Wọ́n da fíìmù mi padà sínú àpò, wọ́n gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ gìrìwò kan lẹ́yìn, irú èyí tí wọ́n fi ń wo àwọn ẹrù ńlá tó ń wọ ikùn bàálù. Mo mọ ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe. Agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹrù ọwọ́ lọ fíìfíì. Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Mo ní, "Ẹ mú àpò, ẹ mú kámẹ́rà, ẹ mú èmi gan-an, ẹ yọ fíìmù nìkan. Ọwọ́ lẹ ti fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dáhùn pé, "Ìyá, ẹni tó bá fi ọ̀bẹ pamọ́ sábẹ́ fíìmù kò lẹ́nu ẹ̀bẹ̀."

Ohun tó ń ká mi lára jù nìyẹn.

Wọ́n ti àpò náà wọlé lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wo ojú ẹ̀rọ, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n dá a padà. Wọ́n tún tì í wọlé. Nígbà kẹta, ọ̀kan nínú wọn sọ nǹkan tó pa èkejì lẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi àpò náà sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán. Mo kúnlẹ̀. Nínú òtútù yẹn, mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ bí ẹní kúnlẹ̀ fún àna. Wọ́n rò pé òòyì ló kọ́ mi. Wọ́n fún mi ní omi. Omi o!

"Kò ní ṣe fíìmù yín ní nǹkan kan," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí nígbà tó gbé àpò fún mi. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kò mọ nǹkan kan.

Nínú bàálù, Bàbá ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wọ́n á fi ọ̀bẹ náà ránṣẹ́. Mo yíjú sí fèrèsé títí a fi balẹ̀.

Nígbà tí mo dé Ọ̀yọ́, mi ò sinmi. Mo wọ yàrá òkùnkùn, mo fọ fíìmù kìíní. Nígbà tí mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, mo rí ohun tó dà bí ìgbì omi, eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń lọ sókè sódò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó bo gbogbo rẹ̀. Mo fọ èkejì. Mo fọ ẹ̀kẹta. Ọjọ́ méjì ni mo fi fọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún, torí ẹnìkan nínú mi ṣáà ń sọ pé ọ̀kan á ṣẹ́kù. Kò sí ọ̀kan. Níbì kan, mo rí èékánná àtàǹpàkò Bàbá. Òun nìkan ló hàn.

Mo lọ sílé wọn. Bàbá jókòó sórí ẹní lójúde, Moríámọ̀ ń ha igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Káàbọ̀, Wúrà. Àwọn fọ́tò ti dé?"

"Ẹ kú ilé, Bàbá. Wọ́n ti bàjẹ́."

"Èwo ló bàjẹ́?"

"Gbogbo wọn. Ẹ̀rọ ibi tí a ti ń bọ̀ yẹn ló bà wọ́n jẹ́."

Bàbá gbójú sókè. "Ṣebí o bẹ̀ wọ́n nígbà tí à ń lọ, wọ́n sì fi ọwọ́ wò ó. Kí ló wá dé tí wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ?"

Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Mo lè sọ pé ìkà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí inú ti ń bí mi. Níwájú ọmọ wọn, mo jágbe mọ́ àgbàlagbà tó tó bí mi: "Nítorí ọ̀bẹ yín ni! Ọ̀bẹ tí ẹ kì bọ inú àpò mi láìsọ fún mi!"

Moríámọ̀ dá ọwọ́ dúró lórí igbá. Bàbá Lásísì ń wo ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò ga.

"Mo rò pé bó bá wà nínú àpò rẹ, kò ní sọnù ni."

Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ. Moríámọ̀ kò wojú mi. Ó ní, "Ẹ ò bá ti pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sọ ọ́, Mọ̀mí."

Mo padà lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bàbá ní, "O ò parọ́." Ẹnu wọn kò tún gba ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn kò fi jókòó sídìí iṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ọ̀bẹ tuntun, wọ́n pe Moríámọ̀, wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí èmi náà pé kí n wá jókòó.

"Ìwọ lo máa fín in," wọ́n sọ fún ọmọ wọn. "Èmi á máa fẹnu sọ. Bí mo bá gbàgbé, Wúrà á rán mi létí."

Ojoojúmọ́ ni a ń jókòó. Moríámọ̀ fọ́ igbá mẹ́ta kó tó di pé ọwọ́ rẹ̀ gbà á. Bàbá le mọ́ ọn gan-an, wọ́n ń jágbe, wọ́n ń gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀ sọ nù, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ́ ọ. A dé ìdajì. Àìsàn wá dá wọn dùbúlẹ̀, wọn kò sì dìde mọ́. Ìdajì ọnà Ẹsẹ̀ Ẹyẹlé bá wọn lọ.

Moríámọ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ̀yin lẹ wò ó tán. Ẹ bá mi sọ ìyókù."

Mo sọ ọ́. Mo jókòó tì í, mo ń rántí ohun tí ojú mi rí nínú kámẹ́rà: ibí ni wọ́n ti yí igbá, ibí ni àtàǹpàkò ti sún mọ́ etí. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe ń wá. Ṣùgbọ́n bí a ti ń bá a lọ, a ó dédé kan ibi tí mi ò rí nǹkan kan, bíńtín báyìí. Lẹ́yìn náà á tún mọ́lẹ̀. Ìgbà tó ṣe lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó mọ ohun tó fà á. Ibi tí mo ti ń pààrọ̀ fíìmù ni. Mo tẹrí ba sínú àpò, mò ń wá fíìmù tuntun, Bàbá kò sì dúró dè mí. Ihò mọ́kànlá ni a kà nínú ìdajì yẹn. Mo délé, mo gbá ògiri lẹ́ṣẹ̀ẹ́ títí ọwọ́ mi fi wú.

A ti kọ̀wé sí àwọn tó ni igbá náà ṣáájú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n fi fọ́tò kan ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà, apá kan igbá náà, ó mọ́ kedere. Moríámọ̀ wò ó títí. "Mo rí ibi tí Bàbá dé," ló wí. "Mi ò rí ọ̀nà tí wọ́n gbà, ìlà tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e."

Ìgbà yẹn ni kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù ti gba gbogbo ìlú. Èmi náà rà á. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́ o. Ẹ̀rọ pápá ọkọ̀ òfurufú kì í ba mẹ́mọ́rì káàdì jẹ́. Mo ti gbé e kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, kò ṣe é ní nǹkan kan. Èèyàn ló ń sọ ọ́ nù. Onífọ́tò kan ní Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ̀ lé àwọn onílé-iṣẹ́ kan rìnrìn-àjò, ó kó gbogbo fọ́tò wọn sínú háàdì-dísíìkì kan ṣoṣo, ó sì fi í sílẹ̀ nínú abọ́ tí wọ́n ń kó ìgbànú àti aago sí lórí ẹ̀rọ. Ó rántí ìgbànú! Ó wọ ìgbànú rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́tò yín ní méjì, kí ọ̀kan wà lára yín, kí èkejì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tẹ́ ẹ jọ ń lọ.

Ní ti fíìmù, ẹ má fi í sínú ẹrù tó ń wọ ikùn bàálù láéláé. Ẹ gbé e lọ́wọ́, ẹ bẹ̀bẹ̀ kó tó dé orí ẹ̀rọ. Àwọn ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń gbé dé báyìí, kódà ti ẹrù ọwọ́, le ju ti àtijọ́ lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré lè tó láti ba fíìmù jẹ́. Ẹ má gbà bí ẹnikẹ́ni bá ní kò ní ṣe nǹkan kan. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ da gbogbo ohun tó wà nínú àpò yín sílẹ̀, ẹ wò ó, ẹ tún bi ẹni tí ẹ jọ ń rìn. Èmi ò ṣe é. Mo gbé àpò mi láìwo ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo wá lọ da ẹ̀bi rẹ̀ sórí arúgbó. Mò ń bínú sí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn, mò ń bínú sí Bàbá Lásísì, àmọ́ ara mi ni mò ń bínú sí jù.

Moríámọ̀ ti di ọ̀gá nídìí igbá báyìí. Ó ń fín Ẹsẹ̀ Ẹyẹlé, ṣùgbọ́n ibi tí mi ò rí, ó ń fi í sílẹ̀ láìfín. Ọkùnrin kan wá láti Èkó láti ra ọ̀kan, ó ní òun á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ya ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Moríámọ̀ gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mi ò tà á mọ́, sà," ló wí.

Lánàá, mo lọ kí i. Ó ń fín Ẹsẹ̀ Ẹyẹlé, èmi sì jókòó tì í lórí àpótí, mò ń sọ̀rọ̀ òṣèlú. Mo tẹrí ba sínú báàgì mi, mò ń wá oògùn ẹ̀yìn tó kó sábẹ́ àwọn nǹkan. Ọ̀bẹ ń lọ lórí igbá. Mo dá ọwọ́ dúró.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," mo ní.

"Kí ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Mọ̀mí?"

"Kò dún bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti yí igbá sọ́tùn-ún, níbi ihò kìíní. Kúkúrú méjì ló dún, kẹ́, kẹ́, wọ́n sinmi, lẹ́yìn náà gígùn kan, fààà, bí ẹní fa aṣọ ya. Mi ò wò ó, Moríámọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ."

Moríámọ̀ wá igbá mìíràn mú tó ti fín tẹ́lẹ̀ tó ku àwọn ihò, ó yí i sọ́tùn-ún. Kẹ́. Kẹ́. Ó sinmi. Ó fa ọ̀bẹ gígùn kan, ìlà náà gba abẹ́ ìlà kejì kọjá, ó sì lọ pàdé èyí tó wà lódì kejì ihò, ibi tí ó ti ń dúró dè é láti ọjọ́ yìí wá.

Àwa méjèèjì ń wò ó. Èmi, inú ń bí mi débi pé mi ò lè sunkún, torí gbogbo ọdún tí mo ti fi ń fi ojú wá ohun tí etí mi mọ̀. Mo gbé orí sókè, mo fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Rárá o," Moríámọ̀ ní, ó sì ti báàgì náà padà sí orúnkún mi. "Ó ku mẹ́wàá. Ẹ tún tẹrí yín ba síbẹ̀, Mọ̀mí."